Kókó Kan Nínú Méje: Bí Jẹjẹrẹ Ṣe Palẹ̀ Àtẹ Mọ́ Níwájú Sẹ́ẹ̀lì T

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine gbé ọ̀rọ̀ aláìsàn kan ṣoṣo jáde. Obìnrin ẹni 50 ọdún ni. Jẹjẹrẹ ìfun ńlá rẹ̀ ti ràn dé ẹ̀dọ̀fóró, kókó méje ni síkáànì sì rí níbẹ̀. Ikọ̀ Steven Rosenberg ní National Cancer Institute, ìlú Bethesda ní ìpínlẹ̀ Maryland, Amẹ́ríkà, ló tọ́jú rẹ̀. Orúkọ Eric Tran ló ṣáájú nínú àwọn tó kọ ìròyìn náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n fa sẹ́ẹ̀lì T, ìyẹn ọmọ ogun ara tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tó bá dá mọ̀ ní ọ̀tá, sí i lára, kókó méjèèje sì bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì. Nígbà tó fi máa di oṣù 9, ọ̀kan nínú wọn tún ti ń dàgbà.

Ọ̀kan tó ṣagídí yẹn la fẹ́ tú palẹ̀. Tí ìtọ́jú tó gba ọ̀dọ̀ ọmọ ogun ara bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, afurasí máa ń pọ̀. Ó lè ti rẹ sẹ́ẹ̀lì T. Ó lè jẹ́ pé wọn ò ríbi wọlé. Kókó lè fi PD-L1, purotéènì tó ń dá sẹ́ẹ̀lì T dúró, bora, ó sì lè gbé ohun tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ sọ nù. Ẹni tó ń ṣèwádìí á wá máa tọ́ka sí mẹ́rin, márùn-ún, kò sì ní lè di ẹyọ kan mú. Níbí, ẹ̀rí tọ́ka sí ẹyọ kan, inú DNA ni ẹ̀rí náà sì wà.

Lẹ́tà kan tó yí padà

Jíìnì tó dá wàhálà sílẹ̀ ni KRAS, tó wà lórí kromosóòmù 12. Òun ló ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì mọ ìgbà tó yẹ kó pín àti ìgbà tó yẹ kó sinmi. Nínú jẹjẹrẹ obìnrin yìí, lẹ́tà DNA kan ṣoṣo ló yí: GGT di GAT. Ẹ fọkàn wo purotéènì bí okùn ìlẹ̀kẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ kejìlá lórí okùn KRAS yẹ kó jẹ́ glycine, tí àmì rẹ̀ ń jẹ́ G. Ó wá di aspartate, tí àmì rẹ̀ ń jẹ́ D. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní G12D. Látìgbà yẹn ni KRAS ti dà bíi ṣíwíìsì tó wà ní títàn tí kò kú mọ́. Àwọn tó kọ ìròyìn náà sọ pé àyípadà yìí wà nínú nǹkan bí 45% jẹjẹrẹ páńkíríásì àti nǹkan bí 13% jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Lọ́dún 2016, kò tíì sí oògùn kankan tí wọ́n fọwọ́ sí tó ń mú KRAS fúnra rẹ̀.

Inú sẹ́ẹ̀lì ni KRAS wà, sẹ́ẹ̀lì T kò sì lè yọjú wo inú ilé onílé. Ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe ni pé ó ń gé àwọn purotéènì rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, á kó àwọn ègé náà sórí àtẹ, á sì gbé àtẹ síta. Àtẹ yẹn ni HLA. Ẹni tó bá ti bá èèyàn rẹ̀ wá olùtọrẹ kíndìnrín, tàbí tó ti gbọ́ nípa pípààrọ̀ mùdùnmúdùn egungun fún ọmọ tó ní àrùn sẹ́ẹ̀lì abẹ́rẹ́, á ti gbọ́ HLA rí: òun ni wọ́n ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó sọ pé ara bára mu. Oríṣi mẹ́ta ló kàn wá níbí, A, B àti C. Èèyàn gba ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá, ó gba ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá, nítorí náà ó lè ní àtẹ mẹ́fà tó yàtọ̀ síra. Orí kromosóòmù 6 ni gbogbo wọn sún mọ́ra sí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà wá sí i.

Gbogbo ègé kọ́ ló ń jókòó lórí gbogbo àtẹ. Ègé tó gba ẹjọ́ yìí ni GADGVGKSA, ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́sàn-án, láti ipò 10 dé 18 lórí KRAS. Ọ̀kan míì wà tó fi ìlẹ̀kẹ̀ kan gùn jù ú lọ, GADGVGKSAL. Ipò kẹta nínú ègé náà ni D wà, àyípadà gan-an nìyẹn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yàwòrán ìrísí rẹ̀ lọ́dún 2020, wọ́n rí i pé D yìí fà mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ arginine tó wà ní ipò 156 lára HLA-C*08:02, ọ̀kan nínú oríṣi àtẹ C, bí òòfà ṣe ń fa irin, nítorí pé agbára ọ̀kan jẹ́ òdì, ti èkejì jẹ́ rere. Glycine kò ní agbára kankan tí yóò fi dì í mú. Ègé KRAS tara tó le kì í sì í lè jókòó síbẹ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ kan yìí ni kò jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì T wọ̀nyí dojú kọ ara tó le.

Bí wọ́n ṣe ṣa àwọn sẹ́ẹ̀lì náà

Inú kókó ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n gé jáde lára obìnrin náà ni wọ́n ti kó sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ti wọlé síbẹ̀ fúnra wọn. TIL ni wọ́n ń pè wọ́n. Ìlànà tí ilé ìwádìí yìí ti ń lò láti ọdún pípẹ́ ni pé kí wọ́n gé kókó sí ègé tí kò ju mìlímítà kan sí méjì lọ, kí wọ́n fi ègé kọ̀ọ̀kan sínú ihò tirẹ̀ lórí àwo oníhò 24, kí wọ́n sì da omi oúnjẹ tó ní IL-2 (purotéènì tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì T pọ̀) sí i, 6,000 IU nínú mìlílítà kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, sẹ́ẹ̀lì T á ti kún ihò. Ihò kọ̀ọ̀kan dá dúró, torí pé ohun tó wà nínú ègé kan lè má sí nínú èkejì. Ẹni tó bá pò wọ́n pọ̀ níbẹ̀rẹ̀ ti fi ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì tó mọ̀ jẹjẹrẹ sáàárín èrò tí kò mọ nǹkan kan.

Mímọ ihò tó wúlò ló nira jù. Wọ́n ka DNA kókó, wọ́n kà ti ara tó le, wọ́n sì kọ gbogbo àyípadà tó wà nínú kókó nìkan sílẹ̀. Fún àyípadà kọ̀ọ̀kan wọ́n ṣe jíìnì kékeré kan: ìlẹ̀kẹ̀ tó yí padà á wà láàárín, 12 lọ́tùn-ún, 12 lósì. Wọ́n á so ọ̀pọ̀ irú jíìnì kékeré bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, wọ́n á fi wọ́n sínú sẹ́ẹ̀lì tí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa pàtẹ, èyí tí wọ́n mú láti ara aláìsàn fúnra rẹ̀, wọ́n á sì gbé TIL kò ó lójú. Ihò tó bá tú interferon-gamma jáde tàbí tó gbé 4-1BB sójú awọ (àmì pé sẹ́ẹ̀lì T ti rí ọ̀tá ni méjèèjì), ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa wá a. Ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ló yẹ kí sẹ́ẹ̀lì apàtẹ náà ti wá, nítorí àtẹ ẹlòmíràn kò ní fi irú ègé kan náà hàn. Àṣìṣe lórí èyí lè sọ iṣẹ́ láàbù di òtúbáńtẹ́.

Ohun tí wọ́n rí ni oríṣi sẹ́ẹ̀lì T mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ojú tirẹ̀ (purotéènì ara awọ rẹ̀ tó fi ń dá nǹkan mọ̀), tí gbogbo wọn dá G12D mọ̀. Mẹ́ta ń wo ègé ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́sàn-án, ọ̀kan ń wo ti mẹ́wàá. Tí èèyàn bá gbọ́ pé oríṣi mẹ́rin ni, á sọ pé jẹjẹrẹ náà ti há, kò sí ibi tó máa gbà. Ṣùgbọ́n orí HLA-C*08:02 kan ṣoṣo yẹn ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń wò ó. Ọlọ́pàá mẹ́rin ni, ojú fèrèsé kan náà ni wọ́n sì jọ dúró sí.

Fífa sẹ́ẹ̀lì síni lára

Tí wọ́n bá ti mọ ihò tó dára, wọ́n á sọ ọ́ di púpọ̀. Ọjọ́ 14 ni èyí sábà ń gbà: antibody OKT3 (purotéènì tó ń lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì T), 30 nánógíráàmù nínú mìlílítà kan, láti ta wọ́n jí, sẹ́ẹ̀lì olùtọ́ tí wọ́n ti fi ìtànṣán pa agbára pípín rẹ̀, 100 sí 200 fún TIL kan, àti IL-2.

Kí wọ́n tó fà á sí aláìsàn lára, wọ́n kọ́kọ́ ń pa ọ̀pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìlànà wọn ni cyclophosphamide, 60 mìlígíráàmù fún kílò kan lójúmọ́, fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà fludarabine, 25 mìlígíráàmù fún mítà onígun mẹ́rin awọ ara kan lójúmọ́, fún ọjọ́ márùn-ún. Ìdí méjì ló wà ńbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni kí sẹ́ẹ̀lì T tó máa ń tẹ àwọn yòókù rì kúrò lọ́nà. Èkejì ni ti oúnjẹ: IL-7 àti IL-15 tí ara ń ṣe kò tó gbogbo ẹnu, tí ẹnu bá sì ti dín kù, àwọn àlejò á jẹ àjẹyó. Lẹ́yìn tí sẹ́ẹ̀lì bá wọlé tán, wọ́n á fún aláìsàn ní IL-2 tó lágbára, 720,000 IU fún kílò kan ní wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ, títí ara yóò fi sọ pé ó tó. IL-2 ló sì ń dẹ́rù bani jù nínú gbogbo rẹ̀. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, iṣan kékeré á máa jo, omi á fẹ́ gba inú ẹ̀dọ̀fóró. Fún ẹni tí kókó méje wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Sẹ́ẹ̀lì bílíọ̀nù 148 ló wọ ara obìnrin náà. Nǹkan bí bílíọ̀nù 111 nínú wọn, ìyẹn 75%, ló dá KRAS G12D mọ̀. Iye yìí pọ̀ kọjá ohun tí ojú sábà máa ń rí: nínú ọ̀pọ̀ TIL, àwọn tó mọ ojú jẹjẹrẹ kì í ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ. Ní nǹkan bí ọjọ́ 40 ni síkáànì àkọ́kọ́ ti fi hàn pé kókó méjèèje ti ń kéré sí i.

Oṣù 9

Nígbà tí ọ̀kan nínú kókó náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, àwọn mẹ́fà yòókù kò padà dìde. Ìyẹn nìkan ti sọ nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń gba inú kókó méjèèje kọjá. Ká ní àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fà wọlé ti kú tán tàbí pé agbára wọn ti tán ni, kì bá má jẹ́ ẹyọ kan péré ló máa jí. Wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà, wọ́n sì ṣì rí àwọn sẹ́ẹ̀lì T tó mọ G12D níbẹ̀. Ọmọ ogun wà lójú ọ̀nà. Inú kókó ló yẹ kí wọ́n lọ wò.

Wọ́n gé e jáde, wọ́n sì ka DNA rẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá G12D ti pòórá, torí ìyẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ́kọ́ fura sí. Ó wà níbẹ̀ digbí. Ó sì bọ́gbọ́n mu: KRAS ni ẹ́ńjìnnì tó ń wa jẹjẹrẹ náà, sẹ́ẹ̀lì tó bá sọ ọ́ nù láti sá fún ọmọ ogun ara ti pa ara rẹ̀ lára. Ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́ ni ẹ̀dà kromosóòmù 6 tó gbé HLA-C*08:02. Kókó náà ṣì ń ṣe G12D, ó ṣì ń gé e sí wẹ́wẹ́, àmọ́ àtẹ tó lè gbé ègé yẹn síta ti lọ. Ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọ́ lọ́jọ́ kan náà.

Èyí kò nira fún jẹjẹrẹ rárá. Tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bá ń pín, ó sábà máa ń ṣàṣìṣe nígbà tó bá ń pín kromosóòmù: ọmọ kan á gba ju bó ṣe yẹ lọ, èkejì á pàdánù. Lójoojúmọ́, irú ìpàdánù yẹn kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì láǹfààní. Ṣùgbọ́n tí bílíọ̀nù 111 sẹ́ẹ̀lì T bá ń pa gbogbo ẹni tó bá gbé C*08:02, ẹyọ sẹ́ẹ̀lì kan tí kò gbé e á rí àyè gbilẹ̀. Àtẹ kan ti jẹ́ èrè, wọ́n ti wá sọ ọ́ di gbèsè.

Ìbéèrè tí àwọn tó mọ iṣẹ́ á béèrè ni pé, sẹ́ẹ̀lì NK ńkọ́? Àwọn ni iṣẹ́ wọn ni láti pa sẹ́ẹ̀lì tí kò bá ní HLA lójú. Kromosóòmù 6 kan ló lọ, èkejì wà níbẹ̀ pẹ̀lú HLA-A, B àti C tirẹ̀. Àtẹ yẹn lè tó láti fi dá NK lọ́wọ́ kọ́. Ní ìdí èyí, sísọ ìdajì nù lè dára fún jẹjẹrẹ ju sísọ gbogbo rẹ̀ nù lọ.

Ẹ fi wé ohun tí ikọ̀ Antoni Ribas ní UCLA, yunifásítì kan ní Los Angeles, gbé jáde lọ́dún 2016 kan náà, nípa àwọn aláìsàn mẹ́rin tó ní melanoma, irú jẹjẹrẹ awọ kan. Pembrolizumab, antibody tó ń tú bíréèkì tí wọ́n ń pè ní PD-1 lára sẹ́ẹ̀lì T, kọ́kọ́ ran àwọn yẹn lọ́wọ́, àìsàn sì tún padà. Nínú ọ̀kan, jíìnì B2M, tí gbogbo àtẹ A, B àti C nílò bí ẹsẹ̀ tábìlì, ti bàjẹ́. Kò sí àtẹ kankan mọ́. Nínú méjì, JAK1 tàbí JAK2 ló bàjẹ́: sẹ́ẹ̀lì T ń pariwo interferon-gamma, etí jẹjẹrẹ ti di. Nínú ẹnì kẹrin, wọn ò rí irú àyípadà bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ìtọ́jú wọn kò sì lè jọra. Tí àtẹ bá kàn fara sin torí pé jíìnì rẹ̀ sùn, interferon lè jí i. Tí DNA rẹ̀ bá ti lọ bíi ti obìnrin yìí, kò sí oògùn tó lè jí ohun tí kò sí. Antibody PD-1 kò lè ṣe nǹkan kan sí ọ̀nà yìí, nítorí bíréèkì kọ́ ló dá àwọn sẹ́ẹ̀lì T mẹ́rin wọ̀nyẹn dúró. Wọn ò rí ẹni tí wọ́n máa bá jà ni.

Ibi tí àyẹ̀wò ti ń tan èèyàn

Ẹni tó bá fẹ́ wá irú ìpàdánù yìí nínú kókó, ẹ ṣọ́ra fún àwọ̀ tí wọ́n ń fi sára ègé ẹran lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Antibody tí wọ́n sábà ń lò, bíi EMR8-5, ń mú HLA A, B àti C lápapọ̀. Kókó tó ti pàdánù ìdajì á ṣì gba àwọ̀ dáadáa, onímọ̀ á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé "HLA wà". Òótọ́ ni, kò sì wúlò.

Kíka DNA náà ní pàkúté tirẹ̀. Ká ní 30% péré nínú ègé ẹran jẹ́ jẹjẹrẹ, tí ìyókù jẹ́ ara tó le. Sẹ́ẹ̀lì tó le 70 mú ẹ̀dà C*08:02 70 wá. Ẹ̀dà kejì jẹ́ 70 láti ọ̀dọ̀ wọn àti 30 láti ọ̀dọ̀ jẹjẹrẹ, àpapọ̀ 100. Ẹ̀dà tó sọ nù ṣì jẹ́ 70 nínú 170, nǹkan bí 41%, dípò 50%. Tí ẹ̀rọ bá ka ibẹ̀ ní ìgbà 30 péré, ìyàtọ̀ 41 sí 50 á bọ́ sínú àṣìṣe lásán. Ó gbọ́dọ̀ ka ibẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà, ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ láti fi wé e. Yàtọ̀ sí èyí, HLA yàtọ̀ gan-an láàárín èèyàn sí èèyàn débi pé tí kọ̀ǹpútà bá fi ìwé DNA gbogboogbò to ohun tó kà, á da ọ̀pọ̀ nù bí ẹni pé kò mọ ọ́n. Irú HLA aláìsàn gan-an ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀, kí wọ́n fi to ó. Ọ̀nà tí ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní LOHHLA gbà nìyẹn. Lọ́dún 2017, àwọn tó ṣe é rí i pé nǹkan bí 40% jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n yẹ̀ wò ti pàdánù ẹ̀dà HLA kan. Orí kókó tí wọ́n gé lára àwọn aláìsàn tó tètè dé ilé ìwòsàn ni wọ́n sì ti ṣe é; ọmọ ogun ara fúnra rẹ̀ ti ń fún jẹjẹrẹ mọ́ kọ̀rọ̀ kí dókítà tó dá sí i.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nígbà tí ìròyìn náà fi máa jáde, kò sí àmì jẹjẹrẹ lára obìnrin náà mọ́. Ojú mẹ́rin tí wọ́n rí lára rẹ̀ sì di ohun èlò fún ẹlòmíràn. Nínú ìròyìn kan tó jáde lọ́dún 2022, láti Providence Cancer Institute ní Portland, ìpínlẹ̀ Oregon, wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì T obìnrin ẹni 71 ọdún kan tó ní jẹjẹrẹ páńkíríásì, wọ́n fi méjì nínú ojú wọ̀nyẹn sí wọn, ọ̀kan fún ègé ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́sàn-án, ọ̀kan fún ti mẹ́wàá, wọ́n sì fa bílíọ̀nù 16.2 padà sí i lára. Ní oṣù 6, kókó rẹ̀ ti fi 72% dín kù, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà sì ju 2% lọ nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì T inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn tí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún kò rí ìyípadà, àìsàn náà sì pa á.

Kí ẹnikẹ́ni tó lè jẹ àǹfààní ojú wọ̀nyí, ohun méjì ló gbọ́dọ̀ bá ara wọn pàdé: G12D nínú jẹjẹrẹ, HLA-C*08:02 lára èèyàn. Ìròyìn 2016 sọ pé nǹkan bí 8% aláwọ̀ funfun àti 11% aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ló ní C*08:02. Lójú tiwa, ó yẹ kí wọ́n fi ìbéèrè kẹta kún un kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò fífa sẹ́ẹ̀lì síni lára: ṣé C*08:02 náà ṣì wà nínú kókó fúnra rẹ̀? Ti inú ẹ̀jẹ̀ kò tó. Ẹ̀jẹ̀ obìnrin ọdún 2016 yẹn ní i títí dé òpin, gan-an bí ó ti ní i lọ́jọ́ tí wọ́n bí i.